Sátidé tí Màmá Mi Pè Mí ní Àjọkẹ́

Sátidé tí mo lọ kí màmá mi nílé wọn nítòsí Parsloes Park, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Àrùn ìgbàgbé ń ṣe wọ́n. Dókítà wọn ti ṣàlàyé pé ṣe ni àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ ń di ara wọn lọ́wọ́ mú láti pa ìrántí mọ́. Ti màmá mi ti ń jọ̀wọ́ ara wọn sílẹ̀.

Mo wọlé, mo ní, "Good morning, Mummy."

"Ẹ káàárọ̀, nọ́ọ̀sì."

Ó dùn mí dọ́kàn pé nọ́ọ̀sì ni wọ́n pè mí. Mo kúnlẹ̀ láti wọ ìbọ̀sẹ̀ fún wọn. Láti ìgbà tí mo ti dé Lọ́ńdọ̀nù, mi ò kúnlẹ̀ kí wọn mọ́. Àfi bí wọ́n ṣe fọwọ́ lé mi lórí, tí wọ́n fi oríkì mi pè mí: "Àjọkẹ́ mi! Ṣé o jí dáadáa?"

Omijé bọ́ lójú mi. Mo dìde láti dì mọ́ wọn. Bí mo ṣe dìde tán, wọn ò mọ̀ mí mọ́.

"Nọ́ọ̀sì, kí ló ṣe yín?"

Gbogbo Sátidé ni mo ń kúnlẹ̀ kí wọn báyìí, tí mo ń pẹ́ nílẹ̀, bóyá wọ́n á tún pè mí ní Àjọkẹ́.