Ibi Tí Kùrukùru Dé Lórí Òkè

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́, ọ̀gá mi, Bàbá Ọláìyá, kò fún mi ní ìwé kankan kà. Ó mú mi jáde síwájú ọ́fíìsì wa kékeré, lẹ́yìn ìlú kan láàárín Ọ̀yẹ́ àti Ìkọlé, ó nawọ́ sí òkè tó dojú kọ wá.

"Níbo ni kùrukùru dé?"

Mo ní, "Ó wà lórí òkè, sà."

"Ìyẹn kì í ṣe èsì. Ibo lórí òkè?"

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wíwo ojú ọjọ́ nìyẹn, mo sì ṣe é títí mo fi hewú. Láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, a máa ń wọn omi tó bá wà nínú ìgò tí òjò ń rọ̀ sí. A ó wo bí afẹ́fẹ́ ṣe gbóná tó àti ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Òkè la máa ń wò kẹ́yìn. Bàbá Ọláìyá ti fi àmì mẹ́ta sí i: àpáta orí rẹ̀, ọ̀wọ́ igi ọ̀pẹ tó wà ní agbedeméjì, àti ahéré àwọn àgbẹ̀ nísàlẹ̀. Bí kùrukùru bá bo àpáta nìkan, kò sí wàhálà. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀pẹ, òjò wínníwínní ń bọ̀. Bó bá já wálẹ̀ lójijì, kí olúkúlùkù wá ibi forí pamọ́ sí. "Uṣẹ́ ojú ni uṣẹ́ yìí," ni Bàbá máa ń wí. "Ẹnu ló máa ń bà á jẹ́."

Àwọn àárọ̀ kan wà tí n ó dé, tí òkè kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Funfun nìkan ni n ó rí. Àkùkọ á máa kọ nínú rẹ̀, n kò sì ní mọ apá ibi tí ohùn ti ń wá. Díẹ̀díẹ̀, orí ọ̀pẹ kan á yọ, á lé téńté lójú òfuurufú bí ẹni pé kò ní gbòǹgbò. N ó dúró, n ó gbàgbé bírò lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn tí Bàbá fẹ̀yìntì, èmi ni wọ́n ní kí n máa lọ sórí rédíò àdúgbò nírọ̀lẹ́ Friday, kí n sọ bí Sátidé àti Sunday yóò ṣe rí. Òpin ọ̀sẹ̀ ni gbogbo ayé ń fẹ́ mọ̀: ẹni tó fẹ́ sìnkú, ẹni tó fẹ́ sá ẹ̀gẹ́, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá ṣègbéyàwó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Òjò. Bí òjò bá ba ìnáwó ẹnì kan jẹ́, wọ́n á kí mi lọ́nà ọjà bí ẹni pé èmi ni mo dà á sílẹ̀.

Ní Friday kan, nígbà tí òjò ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mo sọ lórí rédíò pé, "Òjò wínníwínní díẹ̀ lè rọ̀ lọ́sàn-án ọ̀la. Kò ní le." Àwọn ìyá ìjọ wa gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún àdúrà orí òkè síwájú nítorí òjò. Láàárọ̀ Sátidé, àwọn mọ́kànlá gun òkè wa yìí. Màmá Ọláìyá, ìyàwó ọ̀gá mi, wà láàárín wọn pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́.

Títí di ọ̀sán, ṣóńṣó orí àpáta nìkan ni kùrukùru kàn. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn yí padà, ó sì tutù lójijì. Mo gbójú sókè, àpáta ti lọ. Kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀pẹ náà ti lọ. Mo pe fóònù Ìyá Ẹgbẹ́, aṣáájú wọn, kò wọlé. Mo jáde, mo dá ọlọ́kadà kan dúró.

"Gbé mi dé ẹsẹ̀ òkè."

"Ìyá Òjò, òjò ń bọ̀ o."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ kúkú ní kò ní le."

Mo gun ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀.

Nísàlẹ̀, òjò wínníwínní ni lóòótọ́, ó rọra ń bà lé mi léjìká. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gòkè ni mò ń gbọ́ ariwo kan lókè, bí ẹni ń da àgbàdo sínú agbada. Nígbà tí mo fi dé ibi ọ̀pẹ, ó ti dákẹ́. Mo dúró. Láti ẹsẹ̀ ọ̀pẹ lọ sókè, ilẹ̀ ti funfun. Yìnyín bo koríko, ó bo òkúta, ó há sáàárín imọ̀ ọ̀pẹ. Ẹsẹ̀ mi kan wà lórí ilẹ̀ pupa, èkejì wà lórí funfun. Ọmọ mi tó wà ní Kánádà ti sọ fún mi rí pé lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń sọ ibi tí òjò dídì yóò sọ̀ kalẹ̀ dé lára òkè ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà ni.

Mo wọ inú kùrukùru, mo ń pe orúkọ wọn. Ohùn kan dáhùn, bí ẹni pé inú omi ló ti ń bọ̀. Mo bá wọn lábẹ́ àpáta, wọ́n kó ara wọn jọ. Yìnyín ti ba ẹni méjì lórí, ọgbẹ́ wọn kò jinlẹ̀. Màmá Ọláìyá ló ń gbọ̀n, ètè rẹ̀ ti ṣú.

Ìyá Ẹgbẹ́ ti dìde, ó kọjú sínú funfun. "Ọ̀nà nìyí. A ń sọ̀ kalẹ̀ báyìí. Òtútù yóò pa Màmá."

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ má tíì lọ. Ẹ ò lè rí ibi tí ẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Kùrukùru yìí yóò gòkè láìpẹ́."

"Báwo lo ṣe mọ̀? Lánàá, o ní kò ní le."

Gbogbo wọn ń wò mí. N kò lè bínú, òótọ́ ló sọ. Ó ṣe mí bíi kí n dákẹ́, kí ẹlòmíràn pinnu. Bí mo bá tún ṣìnà, Màmá lè kú sórí òkè yẹn. Mo gbé ọwọ́ sókè kí n fi mọ atẹ́gùn.

"Mo ṣàṣìṣe lánàá, mà," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ti yí padà. Ó ń tìsàlẹ̀ bọ̀, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ gbọ́ bí yìnyín ṣe ń yọ́."

Létí àpáta, omi ń kán tó, tó, tó.

Màmá Ọláìyá ló sọ̀rọ̀. "Ẹ jókòó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí nínú ulé mi. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo òkè sàn ju ẹni tí kò wò ó lọ."

Wọ́n jókòó. Mo bọ́ súwẹ́tà mi, mo wọ̀ ọ́ fún Màmá, àwọn ìyókù sì fi ara wọn yí i ká. Ẹnikẹ́ni kò kọrin. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo ṣì máa ń lá àlá rẹ̀: kò sí òkè, kò sí ìlú, kò sí Sátidé, àfi èémí wa tó ń di funfun lójú ara wa, àti omi tó ń kán.

Lẹ́yìn náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹsẹ̀ wa. A rí koríko. Kùrukùru gbéra nílẹ̀ bí ẹni ń ká ẹní. Níbi tí Ìyá Ẹgbẹ́ kọjú sí, tó pè ní ọ̀nà, a rí i pé àpáta parí níwájú rẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mélòó kan, orí igi ló wà nísàlẹ̀. Ó wò ó títí. Ó wá di ọwọ́ mi mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí a fi kọjá ọ̀pẹ, tí a tún tẹ ilẹ̀ pupa.

Ara Màmá yá lẹ́yìn tó mu ẹ̀kọ gbígbóná, tó sì sùn. Mo sọ fún Bàbá Ọláìyá pé mo fẹ́ fi rédíò sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ojú ọjọ́ kì í gbọ́ rédíò. Ohun tí o rí lo sọ." Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n sọ fún wọn pé o ṣì í." Ní Friday tó tẹ̀lé e, kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, mo ní, "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní òjò kò ní le. Ó le. Ẹ foríjì mí."

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ọ̀gá kan ti olú iléeṣẹ́ wa wá yẹ ìwé wa wò. Ó dúró lórí Sátidé yẹn. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Yìnyín, láti ọ̀pẹ lọ sókè. Ìyá mọ́kànlá wà lórí òkè. Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Madam, kí ni àwọn ìyá ń wá nínú ìwé ojú ọjọ́?"

Mo ní, "Nítorí wọn la ṣe ń kọ ọ́, sà."

Ó gbé bírò pupa rẹ̀ sórí ìlà náà bí ẹni tó fẹ́ fagi lé e. Lẹ́yìn náà, ó fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, ó sì ṣí ojú ewé tó kàn.