Bàbá Ẹ-Dákẹ́ Nílé Búrẹ́dì

Nílé búrẹ́dì tó wà lẹ́yìn ilé wa, kò sẹ́ni tó ń pe ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ lórúkọ. Bàbá Ẹ-Dákẹ́ la mọ̀ ọ́n sí, nítorí kí èèyàn tó la ẹnu ni yóò ti ní kó dákẹ́. Ọkùnrin náà mọṣẹ́ o, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹni tó bá lọ sọ fún un pé nǹkan bàjẹ́, olúwarẹ̀ ló máa gbà pé ó bà á jẹ́.

Ìdí nìyí tí ìkọ́ ilẹ̀kùn ààrò fi já tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Igi kan ni Ìyá Ìbejì, ẹni tó ń ti búrẹ́dì sínú ààrò, fi ń ti ilẹ̀kùn náà pa. Àwọn obìnrin sọ igi náà ní ọkọ ilẹ̀kùn, wọ́n sì ń fi rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá ti gbúròó bàtà ọ̀gá, wọ́n á gbé ọkọ pamọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàtà dún, Ìyá Ìbejì sáré yọ igi, ilẹ̀kùn gbígbóná já lé e lápá.

Màmá tó ni ilé búrẹ́dì bínú dé. "Ta ló ń fi igi ti ilẹ̀kùn?"

Ẹ̀rù ba Bàbá Ẹ-Dákẹ́, àní òun náà! Ó ní, "Ìyá Ìbejì ni, mà."

Màmá ní kí obìnrin náà má padà wá mọ́.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá Ẹ-Dákẹ́ lọ wò ó nílé ìwòsàn. Kó tó jókòó, obìnrin tí wọ́n wé lápá ti ń gbìyànjú láti kúnlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Búrẹ́dì yẹn ò jóná ṣá?"

Ojú ti ọ̀gá, kò lè wò ó lójú. Ẹ̀rí ọkàn ń gún un ní kẹ́ṣẹ́ títí ó fi délé, kò sì lè fọwọ́ kan oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ gbé kalẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, ó dúró níwájú màmá àti gbogbo òṣìṣẹ́. "Mà, èmi ni mo jẹ̀bi. Èmi ni wọ́n ń bẹ̀rù tí wọ́n fi ń fi igi ti ilẹ̀kùn. Tẹ́nì kan bá máa lọ, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi."

Màmá dá a lóhùn pé, "Tí apá Ìyá Ìbejì bá ti san, kó máa bọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ ò lọ síbì kankan. Ẹ tún ibí ṣe."

Bàbá Ẹ-Dákẹ́ yíjú sáwọn òṣìṣẹ́. "Kí ló tún wà tí ẹ ò lè sọ fún mi?"

Ẹni tó ń po ìyẹ̀fun kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà, kó tó sọ pé iná ẹ̀rọ máa ń gbé òun. Ẹlòmíì ní òrùlé ń jò. Lẹ́yìn náà, obìnrin tó ń ru àpò ìyẹ̀fun sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo lóyún, ọ̀gá. Ó ti wọ oṣù karùn-ún. Àpò yẹn ti wúwo jù fún mi."

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Bàbá Ẹ-Dákẹ́ pè é ní ọ̀lẹ lójú gbogbo wọn.