Sípíríǹgì Ẹsẹ̀ Kan

Ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán ni ilé ìyá kan wà, ní Ọ̀yọ́. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mẹkáníìkì kan ti yọ bátìrì tuntun wọn rí, ó fi àlòkù rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà, mọ́tò wọn kì í sùn ní ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe, kó wá ṣe é lójú wọn. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ wo ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni sípíríǹgì ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú ṣẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

Mo débẹ̀, àga wọn ti wà nílẹ̀. Wọ́n jókòó tì mí bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ ilé-ìwé nínú ìdánwò. Nọ́ọ̀tù tí mo bá tú, inú abọ́ tó wà lẹ́sẹ̀ wọn ni kí n jù ú sí.

"Ṣí ọwọ́ yẹn kí n rí i."

"Gíríìsì ni, Mọ́mì."

"Mo mọ gíríìsì. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni mò ń wò."

Èmi náà ń fura sí wọn. Fóònù wọn wà lórí ìjókòó iwájú, ilẹ̀kùn mọ́tò sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo ní ṣé wọn ò fi dẹ mí báyìí? N ò sún mọ́ ibẹ̀.

Nígbà tí mo fi irin fún sípíríǹgì tuntun pọ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sún sẹ́yìn, pé tó bá já, ó lè ṣe èèyàn léṣe.

"Kí n sún sẹ́yìn kó o lè ráyè ṣe kí ni?"

Wọn ò sún.

Ohun kan wà tí mo mọ̀ tí n kò sọ. Tọ̀tún tòsì la máa ń pààrọ̀ pọ̀, torí tuntun máa ń ga ju èyí tó ti rẹ̀ lọ. Àmọ́ tí mo bá ní kí wọ́n ra méjì, wọ́n á ní mo fẹ́ jẹ wọ́n. Mo panu mọ́.

Mo sọ mọ́tò kalẹ̀, mo wà á síwá sẹ́yìn kó lè jókòó. Ó dúró bí ẹni tó gbé garawa omi lọ́wọ́ òsì.

"Kí lo ṣe sí mọ́tò mi?"

Mo wá ṣàlàyé.

"O mọ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ ni."

"Òótọ́ ni, n ò bá tí gbà. Àmọ́ iṣẹ́ tìẹ ni kó o sọ. Kí n má gbà, tèmi nìyẹn."

Títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

"Ṣé á gbé mi dé Ògbómọ̀ṣọ́?"

"Á gbé yín dé, mà, tí ẹ bá rọra wà á."

"Ó dáa. Wọ mọ́tò."

"Èmi, mà?"

"Bó bá máa dà nù, kó da àwa méjèèjì nù!"

Mo nu ọwọ́, mo wọlé. Kòtò tí a bá bọ́ sí, wọ́n á yíjú wò mí, èmi á tẹ́tí sí ẹsẹ̀ òsì. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ wọn, wọ́n yà sí Sábó nínú Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n dúró níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta páàtì mọ́tò.

"Lọ mú èkejì wá."

Mo bọ́ sílẹ̀. Àwọn náà bọ́ sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé mi wọlé.