Òkèlè Tí Ìyá Ọkọ Mi Fi Ti Bátìrì

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti Ṣakí wá bá wa gbé ní Bódìjà, gbà pé kò sóhun tó há sọ́nà ọ̀fun tí òkèlè ẹ̀bà ò lè tì wọlé. Eegun ẹja ni wọ́n ti fi ń dán an wò tipẹ́. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi obìnrin gbé bátìrì pẹlẹbẹ inú rìmóòtù mì, wọ́n pè mí níbi iṣẹ́ ní Ring Road. Wọ́n ní kí n má sáré.

Mo sáré.

Ní ọsibítù, fọ́tò àyà fi hàn pé bátìrì náà ti jókòó sáàárín ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn dókítà ní ó ti ń jó ẹran ibẹ̀. Àwọn máa kun ọmọ lóorun, àwọn á ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná àti kámẹ́rà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, àwọn á sì fi fà á jáde. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ń kí gbogbo ẹni tó bá kọjá pé ẹ ṣeun, títí kan ẹni tó ń nulẹ̀.

“Ṣé ó ti jẹun?” ni dókítà tó fẹ́ kun ún lóorun bi wá. Ó ní bí oúnjẹ bá wà nínú rẹ̀, ó lè bì í, kó gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, kó sì pa á.

“Kò fẹnu kan nǹkan kan,” ni màmá, ìyá ọkọ mi, wí.

Ilá wà lọ́rùn aṣọ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ìyàwó wo ló máa sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ lójú àwùjọ pé irọ́ ni? Ìyá ìjọ sì ni wọ́n, wọn kì í parọ́. Mo kúnlẹ̀.

“Mà, oògùn wo lẹ lò fún un kí n tó dé?”

Ojú wọn là. “Òkèlè ni mo fi tì í. Ńlá ńlá, pẹ̀lú ilá, kó lè yọ̀ wọlé.”

Dókítà wò wọ́n, ó wò mí. Bátìrì ò ṣeé fi sílẹ̀ títí oúnjẹ á fi dà, nítorí náà wọ́n ní àwọn máa kọ́kọ́ fi rọ́bà mìíràn dáàbò bo ọ̀nà èémí.

Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ wọlé, tí wọ́n sì tilẹ̀kùn, màmá bi mí bóyá òkèlè yẹn lè pa ọmọ. Inú ń bí mi. Mo ní mi ò mọ̀.

Bátìrì jáde, ó dúdú bí èédú. Ọ̀nà ọ̀fun ti bó, ṣùgbọ́n kò lu. Ọmọ jí, ó béèrè rìmóòtù.

Àwọn dókítà ní ohun olómi nìkan ni kó máa mu fúngbà díẹ̀. Nílé, màmá po ògì, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n tún un sẹ́. Iwájú mi ni wọ́n gbé e sí.

“Ìyàwó mi,” wọ́n ní, “ṣé oúnjẹ lèyí, àbí oògùn?”

Mo ní oúnjẹ ni, mà. Síbẹ̀, wọ́n ní kí n fọwọ́ ara mi fún un.