Kúbúrátù àti Ìwé Ọjọ́ Fìdáù

Ẹ má sọ "kádàrá" sí mi létí o. Ẹni tó bá ń wá ìjà mi ni kó sọ ọ́. Kì í ṣe pé mi ò gba Ọlọ́run gbọ́. Ràmọ́tà lorúkọ mi, mo ń kírun ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, n kì í sì í jẹ ààwẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́ fi di ọ̀rẹ́ mi Kúbúrátù lẹ́nu lẹ́yìn tí wọ́n pa ọkọ rẹ̀ tán. Ìṣojú mi ni, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ẹja gbígbẹ la jọ ń tà ní ọjà Òkè-Ajé, àtẹ tèmi ló kan tirẹ̀. Kúbúrátù kì í ṣe oníjà rárá. Bí oníbàárà bá ná ẹja rẹ̀ ní ìnákúnàá, ẹ̀rín ló máa rín, èmi ni mo máa ń bá a gba ìjà náà jà. Ràsákì ọkọ rẹ̀ a máa tún máṣíìnì àwọn télọ̀ ṣe. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń gùn kiri, àpótí irinṣẹ́ lẹ́yìn, Ìmùṣin lónìí, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lọ́la. Ìwé mẹ́fà péré ló kà, síbẹ̀ mi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn ìwé kíkà tó o. Kódà bébà tí wọ́n fi pọ́n ẹja, ó máa kà á kó tó jù ú nù.

Bàbá Adélékè, ẹ̀gbọ́n bàbá Ràsákì, ni olórí ẹbí. Ẹ ò ní rí bàbá yìí kí ìwé ìròyìn máà wà ní abíyá rẹ̀. Bí wọ́n bá kírun tán ní mọ́ṣáláṣí, òun ni gbogbo àgbà máa ń yí ká kó lè sọ ohun tí ìjọba ń ṣe fún wọn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ọ̀mọ̀wé sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Ràsákì a wọ yàrá bàbá lọ, wọn a sì tilẹ̀kùn. A rò pé àdúà ló lọ ń gbà.

Ọjọ́rú kan ni, nínú oṣù kẹta ọdún 1984. Ràsákì ń bọ̀ láti Ìmùṣin, ẹ̀gbẹ́ títì ló sì ń gbà jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀. Agbégilódò kan ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ bọ̀, ó ru igi gẹdú ńláńlá mẹ́rin. Ṣéènì ni wọ́n fi ń de igi bẹ́ẹ̀, ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n. Okùn ni wọ́n fi de eléyìí. Okùn! Okùn gbígbó tí èèyàn ò lè fi so ewúrẹ́! Bí ọkọ̀ náà ṣe dé kọ́nà, okùn já, igi kan yí wálẹ̀, ó sì dé orí Ràsákì àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Mọ́ṣádé, obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀, rí gbogbo rẹ̀, òun ló figbe ta.

A ti sin ín kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Kúbúrátù bẹ̀rẹ̀ opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, inú yàrá ló sì gbé e. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀, èyí tó kéré jù kò tíì já ọmú.

Lọ́jọ́ kẹjọ, lọ́jọ́ fìdáù, ni mánijà onígẹdú tó ni ọkọ̀ náà gbé àgbò kan àti ìrẹsì wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní ọ̀gá òun ń bá wa kẹ́dùn, pé kádàrá ò gbóògùn. Ó wá yọ ìwé kan, èdè òyìnbó ni wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀ gbẹẹrẹ, ó ní kí olórí ẹbí bá òun buwọ́ lù ú kí ọ̀gá òun lè mọ̀ pé òun jíṣẹ́. Kúbúrátù ń bẹ nínú yàrá, ta ni yóò pe opó jáde? Bàbá Adélékè gbé awò sójú, ó wo ìwé náà látòkè délẹ̀, ó mi orí, ó sì buwọ́ lù ú ràgàjì. Ó ní, "Ìwé ìbánikẹ́dùn ni." Gbogbo wa ní àmín. A pa àgbò náà, a sì jẹ ẹ́. Èmi náà jẹ níbẹ̀ o, èébì sì ń gbé mi títí dòní tí mo bá rántí.

Nígbà tí Kúbúrátù jáde opó, èmi àtirẹ̀ lọ bá mánijà náà ní ọ́fíìsì. Kúbúrátù ní òun kò wá jà, kí wọ́n ṣáà sọ bí àwọn ọmọ òun yóò ṣe jẹun, kí wọ́n sì gbà pé ọkọ̀ àwọn ló pa bàbá wọn. Mánijà tó dọ̀bálẹ̀ fún wa lọ́jọ́sí kò tilẹ̀ ní ká jókòó. Ìwé ọjọ́ fìdáù ló fà yọ, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa bí ẹni tó ń dárà. Ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀: pé àwa ẹbí gbà pé Ràsákì fúnra rẹ̀ ló ya sábẹ́ ọkọ̀, pé kádàrá ni, pé a kò ní pe onígẹdú lẹ́jọ́ láéláé.

Háà! Mo ti ń ká aṣọ kí n lè bá ọkùnrin náà wọ̀yá ìjà, àfi bí Kúbúrátù ṣe dá mi dúró. Òun tí kì í jà ló na ìka sí mánijà lójú.

"Kádàrá ló tú ṣéènì kúrò lára igi? Kádàrá ló gbé okùn gbígbó dè é? Ọkọ mi ò pa ara rẹ̀. Ẹ máa sọ ọ́ lójú adájọ́."

Bá a ṣe dé ọ̀dọ̀ Lọ́yà Susannah Ṣóyẹmí nìyẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú gidi ni, kò sì gbé ara rẹ̀ ga sí wa. Ó ní ẹ̀rí Mọ́ṣádé lágbára, ìwé yẹn nìkan ni wàhálà wa. Ó ní òfin wà pé ẹni tó bá gbé ìwé fún ẹni tí kò mọ̀wé kà gbọ́dọ̀ kà á sí i létí lédè tó gbọ́, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé náà ò múlẹ̀.

Ó bi wá pé, "Ṣé bàbá mọ̀wé, ẹ̀yin ìyá?"

Ẹnu mi yá, mo ní, "Bàbá Adélékè kẹ̀? Bàbá tó ń ka ìwé ìròyìn ojoojúmọ́!"

Ojú lọ́yà rẹ̀wẹ̀sì. A ti rìn jìnnà lójú títì kí Kúbúrátù tó yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ò mọ ju orúkọ ara rẹ̀ kọ lọ, Ràsákì ló sì kọ́ ọ. Òun ló ń lọ ka ìwé ìròyìn fún un lẹ́yìn àsùbáà. Ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ fẹ́nì kan."

A ò padà sọ́jà mọ́, ọ̀dọ̀ bàbá la gbà lọ. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun aláásàrí, ìwé ìròyìn wà lórí itan rẹ̀. Kúbúrátù kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ òtítọ́ ní kóòtù.

Bàbá fò dìde. "Ta ni kò mọ̀wé? Èmi Adélékè? Ìyàwó, ṣé o fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín lójú àwọn ẹgbẹ́ mi ni?"

Kúbúrátù wà lórí ìkúnlẹ̀. "Bàbá, oṣù kẹjọ la wà yìí. Ìwé ìròyìn tó wà lọ́wọ́ yín, ti oṣù kẹta ni. Láti ìgbà yẹn, ta ló ń kà á fún yín?"

Bàbá wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ọdún méjì ni wọ́n fi ń sún ẹjọ́ náà síwájú. Òní, adájọ́ ò sí. Ọ̀la, lọ́yà onígẹdú ń ṣàìsàn. Àìsàn tí kì í mú un àfi lọ́jọ́ ẹjọ́! Kúbúrátù ò sì yé lọ, ó máa gbé ọmọ pọ̀n, ó máa jókòó síwájú. Mọ́ṣádé wá jẹ́rìí, ó sọ ti okùn, kò gbọ̀n. Ìgbà tó wá kù díẹ̀ kí ẹjọ́ parí ni lọ́yà onígẹdú pe Bàbá Adélékè ní ẹlẹ́rìí tirẹ̀.

Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wá, wọ́n kún ẹ̀yìn kóòtù, torí ọ̀mọ̀wé wọn fẹ́ sọ̀rọ̀. Lọ́yà onígẹdú ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá, gbogbo ìlú ló mọ̀ yín sí ọ̀mọ̀wé. Ṣé ẹ̀yin lẹ buwọ́ lu ìwé yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ sì kà á kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú?"

Bàbá wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó wá wo Kúbúrátù.

"Mi ò kà á. Mi ò mọ̀wé kà."

Lọ́yà rẹ́rìn-ín sókè. "Bàbá! Ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ ti ń kà láti ọgbọ̀n ọdún ńkọ́?"

"Wọ́n ń kà á fún mi ni. Bàbá Ràsákì ló kọ́kọ́ ń kà á, nígbà tó kú, ọmọ rẹ̀ gbà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìwé yín wá, òun ló yẹ kí n pè kó wá kà á fún mi. Òun náà sì ni ọkọ̀ yín pa."

Kúbúrátù bo ojú.

Adájọ́ da ìwé náà nù. Ó ní okùn gbígbó onígẹdú ló pa Ràsákì, pé kó máa gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ náà títí wọn yóò fi dàgbà. Àwọn èèyàn ń kí wa kú oríire. Oríire wo? Láti ọjọ́ náà, Bàbá Adélékè ò lọ sí mọ́ṣáláṣí yẹn mọ́, ilé ló ti ń kírun. Onígẹdú tó fi okùn de igi kò yọjú sí kóòtù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bàbá ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ló bọ́ra sí ìhòhò lójú gbogbo ayé kí wọ́n tó gbà pé ọmọ wa ò pa ara rẹ̀.