Abẹ́rẹ́ Tí Ọ̀rẹ́ Fi Sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń ránṣọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Agéṣọ, ló ń gé e. Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ láti ìgbà ọmọge nìyẹn: ọ̀kan ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ, èkejì ò fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí. Àwọn oníbàárà a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ọ̀kan bá sín, èkejì ni yóò nu imú. Èmi náà a bá wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ohun tí à ń fi rẹ́rìn-ín ló máa pa wá lẹ́kún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Àǹtí Agéṣọ ò wá. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí a tó gbọ́ pé ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, ó sì ti gba aránṣọ mìíràn. Ìyẹn ì bá ṣeé gbé mì. Èyí tí ò ṣeé gbé mì ni ohun tó ń sọ fún àwọn oníbàárà wa: "Ẹ má gbé aṣọ gidi lọ fún un mọ́ o. Ojú ẹ̀ ti ń ṣú."

Òótọ́ sì ni. Dókítà ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ojú náà ò ní padà sí bó ṣe wà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló mọ̀; èmi pàápàá ò gbọ́ ọ títí di ọjọ́ náà. Láràárọ̀, kí oníbàárà tó dé, Àǹtí Agéṣọ á fi òwú sí abẹ́rẹ́, á gún wọn mọ́ tìmùtìmù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń táràrà wá ihò abẹ́rẹ́. Àṣírí tó ń bá a bò lójoojúmọ́ náà ló lọ tú síta. Irú èèyàn wo nìyẹn?

Orí mi gbóná. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo bá ẹ̀gbọ́n mi tó gbé tìmùtìmù náà lé itan. Abẹ́rẹ́ kún un bámúbámú, gbogbo wọn ló ní òwú. Kí ọ̀dàlẹ̀ yẹn tó lọ, ó ti fi òwú sí gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ kó wọn dànù!" ni mo wí.

"Kí n wá fi kí ni ránṣọ?"

"Ẹ gbàgbé ẹ̀, jàre. Ẹ múnú yín dùn. Ẹ má jẹ́ kó rí ẹkún yín."

"Ó dùn mí," ó wí. "Jẹ́ kó dùn mí. Mi ò ní lé ìbànújẹ́ yìí, mi ò sì ní bẹ̀ ẹ́ kó jókòó."

Ó sunkún dáadáa, ó nu ojú, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Oníbàárà dín kù. Àwọn tó wá, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún wọn pé, "Ojú mi ò dáa mọ́. Tí ẹ bá ń kánjú, ẹ gbé e lọ." Ó tú aṣọ ìyá wa kan palẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tọ etí aṣọ náà kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń gé e. Ó ba aṣọ àkọ́kọ́ tó gé jẹ́. "Ó bàjẹ́," ó wí, ó sì tún mú òmíràn. Aṣọ kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà mìíràn, ìbànújẹ́ á dé, á dá ẹ̀rọ dúró títí yóò fi lọ. Èmi ṣáà ń gbé àwàdà lọ bá a: "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Yóò dáa." Abẹ́rẹ́ olówùú sì ń tán lọ.

Ọjọ́ tí èyí tó kẹ́yìn tán, ó nà án sí mi.

"Àbúrò mi, bá mi fi òwú sí i."

Mo gbà á, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbé mì bọ́ sí mi lẹ́nu. "Ẹ sọ ọ̀rọ̀ ojú yín fún ọ̀rẹ́ yín. Èmi tí a jọ jáde látinú ikùn kan náà, ẹ ò sọ fún mi. Kí ló dé?"

Kò gbójú kúrò lára mi. "Òun, tí mo bá ń sunkún, á jókòó tì mí. Ìwọ ì bá ti ní kí n máa rẹ́rìn-ín."

Ó dùn mí ju ti Àǹtí Agéṣọ lọ. Mo fẹ́ dá àpárá, mo fi í sílẹ̀. Mo fi itọ́ pa orí òwú, omijé ò jẹ́ kí n rí ihò abẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sílẹ̀, ó ń dúró dè mí.