Kẹ̀kẹ́ Oníná Màmá Bàríkísù

Bí ẹ bá dé Gàmbàrí tí ẹ béèrè Màmá Bàríkísù, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó júwe ilé fún yín. Òun ló bí ìyá èmi Ruqoyyah. Òun ló kọ́ ìdajì obìnrin àdúgbò wa ní kéú, wọ́n ṣì ń bẹ̀rù pàṣán rẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ yìí.

Orúnkún ló dá a dúró. Ẹ̀gbọ́n mi Abdulhaleem wá ń pọ̀n ọ́n lọ sóde. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, àwọn ọmọdé rí ẹsẹ̀ Màmá tó ń mì dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí Haleem, ni wọ́n bá ń pariwo pé, "Màmá ọmọ ọwọ́!" Màmá bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tá a délé, ó sunkún. Ó ní wàlláhì, ẹnì kan ò ní pọn òun lójú ènìyàn mọ́, bí òun bá tilẹ̀ máa jókòó sílé títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Ọmọ rẹ̀ Abdulwaris ló bá ra kẹ̀kẹ́ oníná fún un: àga gidi lórí táyà mẹ́rin, bátìrì lábẹ́ ìdí. Ha, ayé dẹ̀rọ̀! Láàárọ̀, Màmá á lọ kí ẹni tó ń ṣàìsàn. Tó bá di ọ̀sán, á lọ kí ẹni tí ara rẹ̀ le koko.

Ní ọjọ́ yìgì àbúrò mi Ummu-Kulthum, Màmá lé tìróò, ó ní òun á fúnra òun wa ara òun dé agbo ilé bàbá wa. Àṣé gbogbo ọjọ́ tó ṣáájú ló fi yí Gàmbàrí ká láti rán àwọn ènìyàn létí, NEPA ò sì mú iná wá. Èmi àti Haleem tẹ̀lé e, a dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó já sí agbo ilé náà, bátìrì kú.

Haleem lóṣòó. "Màmá, ẹ jẹ́ n pọ̀n yín."

"Kò ṣeé ṣe! Ẹ tì mí."

Ẹ mọ ará Ìlọrin. Wọn kì í gbọ́ pé àgbàlagbà ní kí wọ́n ti òun, kí wọ́n tún wá jókòó. Àwọn ọkùnrin dìde lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ẹnì kan sì kígbe pé, "Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀! Tó bá sáré díẹ̀, á stáàtì!" Wọ́n ṣe bí kẹ̀kẹ́ Màrúwà ni. Wọ́n tì í pẹ̀lú ariwo, kẹ̀kẹ́ rìn díẹ̀, ó dúró gbọn-in. Wọ́n tún fi agbára kún un.

"Kẹ̀kẹ́ yìí ò fẹ́ kọ́mọ náà lọ́kọ ni!"

"Mo ní ẹ tì í jẹ́jẹ́!" Màmá ń pariwo.

Inú bí mi. "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, agbára lẹ ní, ẹ ò létí!"

Mọ́tò kẹ̀kẹ́ náà ni búréèkì rẹ̀; bí bátìrì tilẹ̀ kú, yíyí táyà ń fún un níná díẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ bá ti rí i pé táyà ń yí ju bó ṣe yẹ, á rò pé ó ń já lọ, á dì í mú. Bí wọ́n ṣe ń tì í le tó náà ló ń le mọ́ wọn lọ́wọ́.

Haleem rántí irin pupa tó wà lẹ́yìn àga, ó fà á sókè kí táyà lè tú sílẹ̀. Ó tú lóòótọ́. Àmọ́ tí irin yẹn bá ti wà lókè, kò sí búréèkì kankan mọ́. Àwọn tó ń tì í ṣubú léra wọn, Màmá sì gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ.

"Subhaanallaahi! Ẹ gbà mí o!" Ẹ̀rín ló fi ń ké e.

Áàfáà Abdulmateen, tó fẹ́ wá so yìgì, ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó kó agbádá sọ́rùn, ó sáré, ó gbá ẹ̀yìn àga mú, bàtà rẹ̀ ń ha ilẹ̀. Haleem bá wọn, ó tẹ irin pupa padà, kẹ̀kẹ́ dúró.

"Áàfáà," ni Màmá wí, "ẹ kú eré sísá o."

Áàfáà tú láwàní orí rẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn àga. Kò sẹ́ni tó dúró níwájú. Èmi àti Áàfáà di láwàní mú lẹ́yìn, à ń fà á padà, Haleem tún fa irin pupa sókè, kò gbọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀, a sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

"A ti pẹ́," ni Haleem wí. "Wọ́n á ti so yìgì."

"Yìgì wo?" ni Áàfáà dáhùn. "Ta ló fẹ́ so ó?"

Ẹ̀rín pa wá, láwàní dẹ̀.

"Ẹ dì mí mú ná kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín!" ni Màmá ké.

A délé, gọ́tà rèé, àtẹ̀gùn ga, kẹ̀kẹ́ wúwo bí akọ màlúù. Haleem tún lóṣòó. Àwọn ọmọdé ti pé jọ. Ojú Màmá rọ̀, ó di apá àga mú.

"Ẹ dá mi padà sílé," ló sọ jẹ́jẹ́. Ó dùn mí dọ́kàn.

Áàfáà wo àtẹ̀gùn, ó wo Màmá, ó kọjú sínú ilé. "Ẹ kó ẹní síta! Bí Màmá ò bá lè wọlé bá yìgì, yìgì á jáde bá Màmá."

Ni ẹní bá ń jáde, àwọn àgbà ń tẹ̀lé e, gbogbo wọn jókòó sílẹ̀ lójú títì. Ummu-Kulthum kúnlẹ̀ ti táyà, ó gbé orí lé itan ìyá àgbà rẹ̀. Màmá wo gbogbo agbo náà yíká, ó fà mí mọ́ra.

"Ruqoyyah," ló sọ sí mi létí, "wò ó, èmi ni mo ga jù."